Àwọn Ọlọ́rùn Gígùn Ojú Ọ̀nà Dosso

Bí ẹ bá ti wọ mọ́tò lọ sí Niamey rí, láti Malanville sọdá odò sí Gaya, láti Gaya dé Dosso, ẹ ti gba iwájú ilé wọn kọjá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé oorun lẹ ń sùn. Àwa náà ti sùn kọjá níbẹ̀ ní àìmọye ìgbà. Òru tàbí ìdájí ni bọ́ọ̀sì tiwa sábà máa ń débẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ gbogbo èrò ti wú, tí orí ń gbá orí, tí kò sì sí ohun tí èèyàn ń rò ju ibi tó máa ti na ara. Nǹkan bí 60 kìlómítà ló máa ń kù ká dé Niamey. Abúlé ibẹ̀ ń jẹ́ Kouré. Agbègbè rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú irú àgùnfọn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ṣẹ́kù láyé ń gbé.

Oṣù kejìlá ọdún 2019 la gbéra láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ kí Màmá, ìyá bàbá àwọn ọmọ wa. Ọdún 1974 ni Màmá ti wà ní Niamey. Ìyàwó tuntun ni wọ́n nígbà náà, ọ̀dá ńlá tó pa màlúù àwọn Fúlàní run ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tán nílẹ̀ ni. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé wọn kọjá Gaya, egungun màlúù ni wọ́n ń rí lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n wá ń rò ó nínú ara wọn pé ìlú àwọn òkú lọkọ àwọn ń mú àwọn lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n dúró. Wọ́n gbọ́ Haúsá, wọ́n gbọ́ Zarma, wọ́n sì jókòó ti ìkòkò nítòsí ọjà Wadata fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, wọ́n ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà fún onílé àti àlejò, àti ẹ̀bà fún àwọn ọmọ Yorùbá tí àárò ilé ń sọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìkòkò yẹn sọ́kàn.

Kìnnìún ni àwọn ọmọ fẹ́ rí. Mẹ́ta ni wọ́n, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Wọ́n ti gbọ́ pé igbó ìpamọ́ ńlá kan wà ní gúúsù Niamey tó ń jẹ́ W, nítorí pé Odò Ọya ṣẹ́ kọ́lọkọ̀lọ níbẹ̀ bíi lẹ́tà náà gan-an. Lóòótọ́ ni. Igbó W tàn ká ilẹ̀ orílẹ̀-èdè mẹ́ta, Niger, Benin àti Burkina Faso. Ní ọdún 1996 ni UNESCO kọ apá ti Niger mọ́ àwọn ibi àjogúnbá ayé. Erin, ẹfọ̀n, erinmi àti kìnnìún wà níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní La Tapoa kò sì ju nǹkan bí 150 kìlómítà lọ sí Niamey. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, tí àwọn ọmọ ń pè ní Dádì Niamey, kàn ń mi orí ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni wọ́n jí àwọn arìnrìn-àjò méjì láti ilẹ̀ Faransé gbé nínú igbó Pendjari ní Benin, tó jẹ́ ara odindi igbó kan náà pẹ̀lú W, wọ́n sì pa amọ̀nà wọn. Òbí wo ló máa gbọ́ irú èyí táá ṣì gbé ọmọ lọ wo kìnnìún?

Dádì Niamey ní, “Kouré ni ká lọ. Kò sí odi, kò sí kìnnìún. A ó sì padà wá jẹ oúnjẹ alẹ́ nílé.”

Àwọn ọmọ fajú ro. Màmá ní àwọn kò lọ ní tàwọn. “Ẹran kí ni mo fẹ́ lọ wò nínú oòrùn? Ẹran tí mi ò lè sè!”

Lọ́jọ́ tó ṣáájú, a kó àwọn ọmọ lọ sí Musée National Boubou Hama láàárín ìlú, kí wọ́n má bàa sọ pé a fi ìsinmi wọn ṣòfò. Wọ́n ní egungun ẹranko ńlá ayé àtijọ́ níbẹ̀, wọ́n ní ẹranko nínú àgọ́ irin pẹ̀lú, èyí tí inú wa kò fi bẹ́ẹ̀ dùn sí, nítorí ojú àwọn ẹranko náà kò dùn. Ohun tó mú àkọ́bí wa dúró níbẹ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ ni igi gbígbẹ kan tí wọ́n kọ́ ilé lé lórí. Igi Ténéré ni. Inú aṣálẹ̀ Ténéré ló wà tẹ́lẹ̀, òun nìkan, kò sí igi mìíràn nítòsí rẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, àwọn oníràkúnmí ń fi í mọ̀nà. Ní ọdún 1973, awakọ̀ akẹ́rù kan fi ọkọ̀ kọlù ú, ó sì wó. Ọmọ wa bi wá pé, “Nínú gbogbo aṣálẹ̀ yẹn, igi kan ṣoṣo náà ló lọ kọlù?” A kò rí nǹkan fi dá a lóhùn.

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì la wọ Land Cruiser àtijọ́ Dádì Niamey. Ìyàlẹ́nu ni pé Màmá ti jókòó sínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jáde. Wọ́n ti wé gèlè, wọ́n ti gbé kúlà móínmóín sí àárín ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní òtútù yàrá ló lé àwọn jáde. Òtútù oṣù kejìlá kì í ṣe eré ní Niamey lóòótọ́. Ọyẹ́ ń bọ̀ láti aṣálẹ̀, ètè gbogbo wa ti là. Àmọ́ a mọ̀ pé kì í ṣe òtútù.

A kọjá pápákọ̀ òfúrufú, a san owó ojú ọ̀nà, ìlú sì tán. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ pupa lọ́tùn-ún, ilẹ̀ pupa lósì, àti oko jéró tí wọ́n ti kórè, tí ó ku pòròpórò tó dúró nílẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ wá pàdé wa ni a ń wò jù: kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń fa ọmọlanke, ọkọ̀ akẹ́rù tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ràkúnmí tó tò tẹ̀lé ara wọn. Igi ìdáná ni gbogbo wọn rù. Niamey ni wọ́n ń gbé e lọ. Màmá ní kí Dádì Niamey rọra, wọ́n yọ orí lójú fèrèsé, wọ́n fi Zarma béèrè iye tí ìdì kan ń lọ. Ọkùnrin náà dá wọn lóhùn, Màmá sì pòṣé. “Ó ti wọ́n ju ti ayé wa lọ!” Ọjà kò lè tán lára ọlọ́jà.

Ní Kouré, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà gan-an ni ọ́fíìsì àwọn amọ̀nà wà. A sanwó ìwọlé, wọ́n já ìwé fún wa, amọ̀nà kan sì wọlé jókòó síwájú. Ọkùnrin Zarma ni, ó máa tó ẹni ogójì ọdún, ó wọ sálúbàtà onírọ́bà, ó sì mú ọ̀pá kékeré kan lọ́wọ́. Ó fi èdè Faransé kí wa, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ Haúsá Màmá, ó yí padà, ó sì ń pè wọ́n ní Kàkà, bí àwọn Haúsá ti ń pe ìyá àgbà. Àtìgbà náà, Màmá nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀, Dádì Niamey sì ń túmọ̀ fún àwa yòókù.

Ó ní ẹranko wọ̀nyí kò ní ibùdó kan. Nígbà òjò, orí òkè pẹrẹsẹ tó wà ní Kouré ni wọ́n máa ń wà, nítorí ewé pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń mú, wọ́n á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìhà Dallol Bosso, àfonífojì odò àtijọ́ kan tí omi rẹ̀ ti gbẹ, àmọ́ tí igi ńlá ṣì ń rí omi mu nísàlẹ̀ ilẹ̀. Nítorí náà, a ní láti wá wọn. Ó yọ orí lójú fèrèsé, ó ń wo ilẹ̀, ó ń na ọ̀pá: ọ̀tún, ọ̀tún, rọra.

Bí a ti gun orí òkè náà ni ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wa. Yangí ni. Gbogbo rẹ̀ yangí, bíi pé ẹnì kan da gbogbo yangí ayé síbẹ̀ tó sì fi iná yan án. Ilẹ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí táyà ń dún lórí rẹ̀ bí ẹni ń gun àwo fífọ́. Ní etí òkè náà, àgbàrá ti gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ó gbẹ́ àwọn kòtò tó jìn ju èèyàn lọ, tí ara wọn pupa fòò, tí yanrìn funfun sì tẹ́ sísàlẹ̀ wọn. Kori ni wọ́n ń pe irú ojú àgbàrá bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọmọdé ń da ewúrẹ́ gba inú rẹ̀. Bí òjò ńlá bá rọ̀, ó lè gbé mọ́tò.

Lórí ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ, igbó àti òfìfo ń gba ara wọn láyè. A máa kọjá lórí ilẹ̀ líle tí koríko kan kò hù sí, lẹ́yìn ìyẹn a kan ìlà igbó kan tó ṣù mọ́ra, lẹ́yìn rẹ̀ òfìfo, lẹ́yìn rẹ̀ ìlà igbó mìíràn. Ẹni tó bá wò ó láti inú ọkọ̀ òfúrufú máa rò pé awọ ẹran abilà ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn Faransé fi sọ ọ́ lórúkọ ẹkùn abilà. Amọ̀nà wa ní kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló gbìn ín bẹ́ẹ̀. Omi òjò kò lè wọ inú ilẹ̀ líle, ó máa ṣàn lọ títí tó fi máa kan ìlà igbó. Gbòǹgbò àwọn igi ló ń dá a dúró, tí ilẹ̀ ibẹ̀ fi ń mu ún. Òfìfo ló ń bomi fún igbó. Bí wọ́n bá wá gé ìlà igbó náà, omi kò ní rí ẹni dá a dúró mọ́. Á máa sáré lọ, á máa kó iyẹ̀pẹ̀ lọ, á sì di kori.

Àbíkẹ́yìn wa ló kọ́kọ́ rí wọn. Ó ní, “Igi yẹn ń jẹun.”

A wo ibi tó nawọ́ sí, igi gbígbẹ ni àwa rí. Igi náà wá yí ọrùn padà, ó sì wò wá.

Méje ni wọ́n. A pa ẹ́ńjìnnì, a sì sọ̀ kalẹ̀ fẹsẹ̀ rìn, amọ̀nà níwájú. Ó ní kí a má ṣe sáré, kí a má pariwo, kí a má sì lọ sáàárín ìyá àti ọmọ. Bí a ṣe ń rìn náà ni ẹ̀gún gun sálúbàtà ọmọ wa kejì wọlé, tó sì kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwa la sọ fún un ní Niamey pé sálúbàtà ti tó. Ẹ̀bi wa ni. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀ fún ọmọ bí ẹ bá ń lọ síbi tí igi ẹlẹ́gùn-ún wà. Ọmọ náà gbé ẹkún mì, nítorí wọ́n ní kò gbọdọ̀ pariwo.

A dé ibi tó jẹ́ pé a ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń já ewé. Èyí tó tóbi jù máa ga tó ilé alájà kan pẹ̀lú òrùlé rẹ̀. Ó na ahọ́n jáde, ahọ́n dúdú tó gùn ju apá ọmọdé lọ, ó fi wé ẹ̀ka igi tó kún fún ẹ̀gún, ó sì fà á bí ẹni ń fa ẹ̀fọ́ kúrò lára igi rẹ̀, kò fi ẹnu kan ẹ̀gún. Ara wọn kò dúdú tó ti àwọn tí àwọn ọmọ ti rí nínú fíìmù. Àmì ara wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, láti orúnkún dé ìsàlẹ̀ kò sì sí àmì kankan, ẹsẹ̀ wọn funfun bíi pé wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀. Kò sí méjì tí àmì wọn bára mu. Amọ̀nà mọ àwọn kan nínú wọn lójú, bí a ti ń mọ ọmọ àdúgbò.

Ó ní oṣù 15 ni wọ́n ń gbé oyún. Ìdúró ni ìyá ń bí, ọmọ á já bọ́ láti òkè tó tó mítà méjì, kí ọjọ́ náà sì tó ṣú, á ti máa rìn. Egungun ọrùn wọn kò ju méje lọ, iye kan náà tí ọrùn tiwa ní. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ka ọrùn ara wọn. Nígbà tí a béèrè omi tí wọ́n ń mu, ó ní wọ́n lè wà fún ọjọ́ púpọ̀ láìmu omi, ìrì àti omi inú ewé tó wọn.

Màmá kò tíì sọ̀rọ̀. Wọ́n dúró sẹ́yìn, wọ́n kó ọwọ́ méjèèjì lérí. Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Ìwọ! Ta ló mọ ọ́ báyìí?” Wọ́n sì rẹ́rìn-ín bí a kò ti gbọ́ kí wọ́n rín in láti ìgbà tí Bàbá ti kú. Raƙumin dawa ni Haúsá ń pè é, ràkúnmí inú igbó. Màmá ní wọ́n parọ́ mọ́ ọn, ràkúnmí kò lẹ́wà tó báyìí.

Àkọ́bí wa ló tún béèrè kìnnìún. Amọ̀nà rẹ́rìn-ín. Ó ní tí kìnnìún bá wà ní Kouré, àwọn ọmọ méjì tí a ń wò yìí kò ní sí. Nítorí tí kò sí ẹranko tó ń pa wọ́n jẹ ni ọmọ wọn fi ń dàgbà. Ọmọ wa kò bi í léèrè kìnnìún mọ́.

Irú àgùnfọn yìí ti wà láti Senegal títí dé ẹ̀bá adágún Chad rí, wọ́n wà ní òkè Nàìjíríà tiwa náà. Ìbọn, ọ̀dá, oko àti gígé igi ló pa wọ́n tán níbi gbogbo. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní ọdún 1996, 49 péré ló kù lórí ilẹ̀ ayé, ní agbègbè Kouré yìí. Ìjọba Niger fi òfin de pípa wọn. Ẹgbẹ́ kan tó ń dáàbò bo àgùnfọn Niger, àti àwọn mìíràn láti òkèèrè, bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ará abúlé ṣe é: wọ́n ń yá àwọn obìnrin lówó ṣòwò, wọ́n ń ran abúlé lọ́wọ́ lórí kànga. Ní ọdún 2018, wọ́n ti lé ní 600. Oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n kó mẹ́jọ nínú wọn sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n gbé wọn lọ sí igbó Gadabedji, ìrìn tó lé ní 800 kìlómítà, síbi tí wọn kò ti rí àgùnfọn fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Amọ̀nà wa ní ọjọ́ tí wọ́n kó wọn, àwọn obìnrin abúlé jáde wá wò ó bí ẹni ń sin ìyàwó.

Abẹ́ igi kan la ti jẹ móínmóín. Amọ̀nà jẹ méjì, ó sì béèrè irú ẹ̀wà tí Màmá fi sè é. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ti dé. Ó ní ẹ̀wà tí òun gbìn lọ́dún yẹn, àwọn tí a wá wò yìí ti jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn ewé ẹ̀wà, wọ́n fẹ́ràn máńgòrò, bí ẹ bá sì kó ẹ̀wà jọ sóko láìbò, ọrùn wọn gùn tó láti dé ibi tó bá wà. Wọn kì í rí ẹ̀san gbà fún un. A bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe nígbà náà. Ó ní wọ́n ń pariwo lé wọn, àwọn ọmọdé á ju òkò. Ó dúró díẹ̀. Ó ní, “Wọ́n á kúrò. Tó bá yá wọ́n á padà wá.”

Màmá wá béèrè ohun tó jọ pé ó ti wà lọ́kàn wọn láti àárọ̀. Wọ́n na ọwọ́ sí kùkùté igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n ní igi wo ni wọ́n gé níbẹ̀ yẹn. Amọ̀nà sọ orúkọ rẹ̀ ní Zarma. Màmá mi orí, wọ́n mọ̀ ọ́n. Igi tó ń jó pẹ́, tí kì í rú èéfín púpọ̀. Òun ni wọ́n máa ń yàn lọ́jà. Wọ́n ní, “Oúnjẹ wọn ni?” Amọ̀nà ní bẹ́ẹ̀ ni, Kàkà, ọ̀kan lára oúnjẹ wọn ni.

Màmá dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni pàtó: “Ọgbọ̀n ọdún. Ìdì mẹ́ta lójúmọ́.”

A rò pé amọ̀nà máa wàásù. Kò wàásù. Nígbà tí Dádì Niamey túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un, ó ní bàbá òun ló ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbé igi lọ sí Wadata nígbà náà, ara owó yẹn ni wọ́n fi rán òun lọ síléèwé. Ó ṣeé ṣe kí Kàkà ti ra igi lọ́wọ́ bàbá òun. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ ara wọn: ìhà wo lọ́jà, irú ọkùnrin wo, ó ga àbí ó kúrú. Wọn kò rí i fi ṣe ọ̀kan. Àmọ́ títí a fi gbé amọ̀nà padà sí ọ́fíìsì wọn, ọ̀rọ̀ Wadata ayé àtijọ́ ni wọ́n ń sọ. Màmá fún un ní móínmóín tó kù pé kó gbé e fún ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tí a ń padà, oòrùn ti ń wọ̀, ilẹ̀ pupa náà wá dà bí ẹyin iná. A tún kan àwọn tó ń gbé igi lọ sí Niamey. Màmá kò béèrè iye mọ́. Àkọ́bí wa ní ẹ̀yìn mọ́tò béèrè pé ṣé àwa náà ní irú igbó ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ nílé. Ojú tì wá díẹ̀. Igbó ìpamọ́ Ọ̀yọ́-Ilé tó fẹ̀ ní 2,512 kìlómítà níbùú lóròó kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́, a kò sì tíì gbé ọmọ kankan débẹ̀ rí. A rìn dé Niger ká tó rántí rẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 2020, àwọn kan tó gun alùpùpù yọ sí àwọn èèyàn mẹ́jọ nínú igbó Kouré, wọ́n sì pa gbogbo wọn. Mẹ́fà jẹ́ ará Faransé, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ìrànwọ́ ní Niger. Méjì jẹ́ ọmọ Niger, awakọ̀ wọn àti amọ̀nà wọn. Ọjọ́ Àìkú ni, wọ́n lọ wo àgùnfọn bí àwa náà ti lọ wò ó. Títí di ọjọ́ yẹn, ibi àlàáfíà ni gbogbo èèyàn ka Kouré sí.

Orí rédíò la ti gbọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. A pe Dádì Niamey lórí fóònù, kò gbé e. Nígbà tó gbé e, ó ní òun ti ń pe nọ́ńbà amọ̀nà wa láti ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ kejì ni ọkùnrin náà tó dáhùn. Oko jéró ló wà lọ́jọ́ náà. Ó ní ẹni tí wọ́n pa, ẹni àwọn ni, àwọn jọ ń jókòó ní ọ́fíìsì kan náà ni. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè Kàkà. Àwọn ọmọ wa jókòó tì wá nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ yìí. Àbíkẹ́yìn béèrè pé ṣé wọ́n pa àwọn àgùnfọn náà. A ní rárá. Ó ní ṣé ó dá wa lójú.

Ẹ̀yin òbí, a kò kọ èyí láti ní kí ẹnikẹ́ni gbéra lọ sí Kouré lónìí. Ẹni tó bá wà ní Niamey tó sì fẹ́ lọ, kó kọ́kọ́ wádìí lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ àti àwọn tó mọ ojú ọ̀nà, kó má sì gbára lé ohun tí ẹnì kan kọ nípa ọdún 2019. A kọ ọ́ nítorí pé nígbà tí a bá dárúkọ Kouré fún èèyàn báyìí, ìpànìyàn yẹn nìkan ni wọ́n máa ń rántí, bí wọ́n bá tilẹ̀ rántí ohunkóhun.

Màmá wá sílé ní ọdún 2022 fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n rò pé oṣù mélòó kan ni àwọn máa lò, àmọ́ ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, wọ́n ń sún ìrìn náà síwájú. Nígbà tí ẹsẹ̀ wá fẹ́ san, àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní oṣù keje ọdún 2023, wọ́n sì ti ẹnubodè tó wà láàárín Malanville àti Gaya. Ọ̀dọ̀ wa ni Màmá wà báyìí. Gáàsì la fi ń dáná, wọ́n ní kò mú ẹ̀wà jiná dáadáa.

Ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ yẹn, bọ́ọ̀sì wọn bàjẹ́ ní Niamey kí ó tó gbéra. Ìdájí ló yẹ kó kúrò, ilẹ̀ ti mọ́ kedere kó tó tún lọ. Nítorí ìyẹn, ó di ìgbà àkọ́kọ́ láàárín nǹkan bí ọdún 48 tí Màmá máa gba Kouré kọjá nínú bọ́ọ̀sì lójú mọmọ. Wọ́n pè wá láti ojú ọ̀nà, ariwo bọ́ọ̀sì kò jẹ́ ká gbọ́ dáadáa. Wọ́n ní àwọn ti jí gbogbo èrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn, ọkùnrin kan ń bínú pé ìyá arúgbó ò jẹ́ kí òun sùn. Mẹ́ta ni wọ́n rí, wọ́n dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ọ̀kan ń jẹun.

A béèrè pé kí ló ń jẹ.

Màmá ní, “Igi mi ni.”